Oúnjẹ Ará Etí Omi ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Nígbà ìjà àti nígbà ẹjọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ìdí ààrò ni ibi tí ó ti bá ọ̀ràn mu jù lọ. Nínú oúnjẹ àwọn ará etí omi Èkó, ohun èlò kan wà tí a kì í rà lọ́jà: òun ni ọjọ́. Ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó di gàrí rere. Pupuru ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú omi. Ẹja ń fẹ́ wákàtí púpọ̀ lórí èéfín. Ẹni tí ó bá jí ọjọ́ wọ̀nyí, tí ó gbé oúnjẹ náà wá sí ọjà kí àkókò rẹ̀ tó pé, kì í ṣe adùn nìkan ni ó jí. Ó lè jí ojú, tàbí ẹsẹ̀, tàbí ẹ̀mí ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀

Erékùṣù ni Èkó. Ààfin ọba ibẹ̀ ni a ń pè ní Ìgà Ìdúngànràn, ìtàn ìlú sì sọ pé oko ata Àrómirẹ́, apẹja tí omi jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó wà níbẹ̀ kí ó tó di ààfin. Bí ó ti rí nìyẹn: ata àti ẹja ti wà ní Èkó kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí i.

Ní òdì kejì ọ̀sà, tí ó dojú kọ erékùṣù náà, ni Àpápá wà. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni. Ní ọdún 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ńlá níbẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjánì, ẹni tí ó jẹ oyè Olúwa ní Èkó, kò dákẹ́ sí i. Ó gbé ẹjọ́ náà títí ó fi dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù. Òun àti Herbert Macaulay sì wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ìgbìmọ̀ náà dá a láre pé ìdílé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀, àti pé a gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni a ń kọ́ èbúté ńlá ní Àpápá, tí a sì parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ọdún 1926.

Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni ènìyàn ń wọ́ lọ. Lẹ́yìn Àpápá, ní orí ilẹ̀ àbàtà tí omi ń wọ̀ nígbà òjò, ni Ajégúnlẹ̀ ti gbilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ìrètí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó: ajé ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ wá láti etí òkun Oǹdó. Àwọn Ìjọ̀, Ùròbò àti Ìṣẹ̀kìrì wá láti ẹnu odò Ọya. Àwọn Ìgbò, Ègùn àti Haúsá kò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbé ohun púpọ̀ wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbé ìkòkò ọbẹ̀ ilé baba rẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá rìn ní ọjà Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀ yóò fi rí oúnjẹ gbogbo etí omi lórí igbá, láàárín ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀gẹ́: oúnjẹ tí ó ní oró

Ohun tí ó pọ̀ jù lọ lórí igbá wọ̀nyí, inú ẹ̀gẹ́ ni ó ti jáde. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn Potogí ni ó gbé e kọjá òkun wá sí ilẹ̀ ènìyàn dúdú láti nǹkan bí irínwó ọdún ó lé sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí ó tó di oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú ọgbọ́n yíyan gàrí bọ̀, ó sì tàn kálẹ̀ láti ọwọ́ wọn. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè kan ní ayé tí ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Ohun tí a ń wú nínú ọdún kan ju 50 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá fi ẹ̀ṣọ́ sínú igi yìí. Oró kan tí a ń pè ní sàyánáìdì fara pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ewé rẹ̀, ní èyí tí ó pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò ju èyí tí kò korò lọ. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wà ní odidi, oró náà sùn, nítorí ohun tí ó so ó mọ́lẹ̀ àti ohun tí ń tú u sílẹ̀ kò sí ní ojú kan náà. Nígbà tí obìnrin bá bó o tí ó sì rin ín, àwọn méjèèjì pàdé, oró náà sì tú jáde. Bí a bá fi í sínú àpò tí a fi òkúta tẹ̀ ẹ́, apá kan bá omi jáde. Bí ó ti ń kan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, oró náà ń tú síwájú sí i. Bí a bá sẹ́ ẹ, tí a sì yan án nínú agbada gbígbóná, èyí tí ó ṣẹ́ kù bá ooru lọ sí òfuurufú. Ìyá àgbà tí kò rí ilé-ìwé rí kò mọ orúkọ sàyánáìdì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé gàrí tí kò kan kò pé. Ìmọ̀ ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Pupuru àti usi

Àwọn Ìlàjẹ ní ọ̀nà tiwọn. Wọn a rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. Wọn a yọ okùn inú rẹ̀, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sì mọ ọ́n roboto bí orí ọmọdé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń tò ó sórí àjà lókè iná igi, tí èéfín yóò fi yan án títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Èyí ni pupuru. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, inú rẹ̀ yóò sì funfun; a ó gún un, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì rò ó lórí iná bí àmàlà. Ọgbọ́n ará omi ni: ẹni tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó láàárín omi, tí kò ní ilẹ̀ gbígbẹ tí ó lè sá oúnjẹ sí, fi èéfín ṣe oòrùn.

Àwọn Ùròbò àti Ìṣẹ̀kìrì fẹ́ràn usi, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní sítáàṣì. Ìyẹ̀fun funfun tí ó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rò pẹ̀lú epo pupa díẹ̀ títí yóò fi máa fà, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dà bí ti oòrùn ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹyìn jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹja tútù tàbí ẹja gbígbẹ àti edé.

Bí a bá wo àwọn oúnjẹ wọ̀nyí dáradára, a ó rí i pé kò sí ọ̀kan tí a ń fi ẹ̀gẹ́ nìkan jẹ. Ẹja ń bá a rìn nígbà gbogbo. Èyí kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Ẹ̀gẹ́ ń fúnni ní agbára iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ara dàgbà kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ẹja ni ó ní in. Síwájú sí i, ohun kan wà nínú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà tí ara ń lò láti fi pa oró ẹ̀gẹ́ kékeré tí ó bá ṣẹ́ kù, kí ó sì fi ìtọ̀ gbé e jáde. Ẹni tí ó ń jẹ gàrí láàárọ̀ àti lálẹ́ láìsí ẹja tàbí ẹ̀wà, ó ti rán ara rẹ̀ lójú ogun láìfún un ní ìbọn.

Ohun tí ìkánjú ti ṣe

Ní ọdún 1981, ọ̀dá mú ìpínlẹ̀ Nampula ní Mòsáńbíìkì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó kù nínú oko. Ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró de ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń gbẹ. Wọ́n ń jẹ ẹ́ kíákíá, kò sì sí ẹja tàbí ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ, obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ wọn le lójijì tí wọn kò sì lè rìn dáradára mọ́. Àìsàn náà ni a ń pè ní konzo, kò sì sí oògùn tí ń dá ẹsẹ̀ náà padà.

Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàárín ọdún 1960 sí 1970 lórí àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Àwọn àgbàlagbà tí ó mú ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n ti ń rìn, ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, ojú àti etí wọn sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Ó rí i pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ gbogbo, pẹ̀lú ohun amáradàgbà tí kò tó. Àwọn tí ó tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan kò yí padà: ẹ̀gẹ́ tí a ṣe dáadáa, tí a sì fi ohun rere jẹ, oúnjẹ ni, èyí tí a kánjú ṣe, tí a jẹ ní òun nìkan, ọ̀tá ni.

Ẹja, èéfín àti òkú Èkó

Ọ̀sà àti òkun ń fún àwọn ará ibí yìí ní epìyà, òbòkún, ṣáwá, alákàn àti edé. Nítorí pé ooru kì í jẹ́ kí ẹja pẹ́, orí ààrò ni a ń gbé e lọ. Iná náà kò gbọdọ̀ pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ara má ba jó kí inú sì wà ní tútù. Ẹja tí a yan jẹ́jẹ́ títí ó fi gbẹ dé egungun yóò pẹ́ ní ilé. Èyí tí a kánjú yan yóò mú ìdin.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ tí ó ní yìnyín ti ń gúnlẹ̀ sí Àpápá, ẹja láti òkun jíjìn ti ń wọ ìlú nínú páálí. Àwọn ará òkè fún un ní orúkọ tí ń pa ni lẹ́rìn-ín: òkú Èkó. Ẹja rere ni, bí yìnyín rẹ̀ kò bá yọ́ lójú ọ̀nà. Bí ó bá ti yọ́, tí a sì tún dì í, kí olùrà yẹra fún un. Ojú rẹ̀ tí ó wọnú àti ara rẹ̀ tí ó rọ̀ ni yóò jẹ́rìí sí i.

Ìwà búburú kan tún wà láàárín àwọn oníṣòwò kan: wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí ẹja gbígbẹ àti ẹ̀wà kí kòkòrò má ba jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan ní àárín ọjà. Ohun tí ń pa kòkòrò kì í yà ènìyàn sọ́tọ̀. Kí a tún ẹja yan lórí ooru, kí a sì kó ẹ̀wà gbígbẹ sínú àgbá tí a dé pinpin. Àìsí afẹ́fẹ́ yóò pa kòkòrò náà láìsí oró.

Búrẹ́dì àti frẹ́jọ̀n

Búrẹ́dì náà ti di oúnjẹ Èkó. Ọmọ erékùṣù Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èkó ní ọdún 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní ọdún 1921, òun sì ni ó sọ ọ́ di oúnjẹ tálákà àti ọlọ́rọ̀. Láti ọdún 1962 ni a sì ti ń lọ àlìkámà ní èbúté Àpápá. Nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, ìyẹ̀fun a máa fẹ́ àkókò láti wú. Àwọn aṣebúrẹ́dì kan rí ohun tí a ń pè ní potassium bromate, èyí tí ń mú un wú kíákíá tí ó sì ń tóbi lójú. Ìwádìí fi hàn pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ lára ẹranko, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Búrẹ́dì ńlá tí ó fúyẹ́ bí òwú kò ju afẹ́fẹ́ tí a fi owó rà lọ.

Frẹ́jọ̀n ni òdìkejì èyí. Àwọn Àgùdà ni ó mú un dé láti Bràsíl, ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Jésù ni a sì ń jẹ ẹ́. A ó sè ẹ̀wà dúdú láti òru títí yóò fi rọ̀. A ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó rin àgbọn, a ó fún wàrà rẹ̀ sí i, a ó sì tún gbé e ka iná pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ata, ẹja díndín àti gàrí ni ó ń tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó lè kánjú sè é, ó sì dà bí ẹni pé nítorí èyí gan-an ni àwọn àgbà ṣe yàn án fún ọjọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn jókòó kí ó sì ronú. Ẹni tí ó bá sè é kì í jẹ ẹ́ nìkan. Abọ́ rẹ̀ a máa lọ láti ilé dé ilé.

Ohun mímu

Omi àgbọn tútù ni ó mọ́ jù nínú ohun mímu etí omi, nítorí inú ìgò tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dí ni ó ti ń jáde. Ògùrọ̀, tí a ń dá lára igi ìrókò etí omi kọ́, bí kò ṣe lára igi ògùrọ̀ tí ń hù nínú àbàtà, dùn láàárọ̀, ó sì le ní ìrọ̀lẹ́. Nínú rẹ̀ ni a ti ń sè ògógóró: a ó gbé ògùrọ̀ tí ó ti kan ka iná nínú àgbá, ooru rẹ̀ yóò gba inú páìpù bàbà kọjá nínú omi tútù, yóò sì máa kán sílẹ̀ bí omi. Ìjọba òyìnbó fòfin dè é, nítorí ó ń dín owó orí ọtí tí ọkọ̀ ń kó wá kù. Síbẹ̀ kò parẹ́ ní ẹsẹ̀ odò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú dé sí Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú àwọn ènìyàn ń fọ́ lójijì, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn kan sọ pé òrìṣà ni ó bínú. Àwọn mìíràn fura sí oògùn oko. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni a rí, oró kan tí ó jọ ọtí lójú àti lóòórùn, inú ògógóró ni ó sì wà. Ó ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí ó kú. Ní ọdún kan náà, irú ọtí bẹ́ẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ọ̀nà tí ń gba inú ọjà kọjá gùn. Ẹni tí ó mu ọtí ní Ajégúnlẹ̀ kò rí ojú ẹni tí ó sè é. Ẹni tí ó bá mu ọtí, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú tàbí tí ó ń rí ohun bí ìrì funfun, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an. Oògùn wà, bí ó bá tètè dé. Nínú gbogbo ọ̀ràn tí a sọ níhìn-ín, èyí nìkan ni ìkánjú ti jẹ́ ọgbọ́n.

Ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀ àti fún ìyá ilé

Èkínní: wú ẹ̀gẹ́ ní ìwọ̀n tí o lè ṣe, ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í pé ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́.

Èkejì: jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin kan fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán, kí o sì yan án títí yóò fi gbẹ. Má ṣe da omi rẹ̀ sí ibi tí ewúrẹ́ yóò ti mu ún.

Ẹ̀kẹta: má ṣe jẹ ẹ̀gẹ́ láìsí ẹja, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹran. Epo pupa nínú gàrí dára fún ojú ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin: ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ ẹni tí o mọ̀, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná kí o tó sè é.

Ẹ̀karùn-ún: má ṣe mu ọtí tí o kò mọ orísun rẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Àwọn tí ó tẹ Ajégúnlẹ̀ dó gbé ìkòkò wá láti ibi púpọ̀, èdè wọn kò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, òfin kan náà ni ó wà: dúró kí ó jiná. Ọjà lè yí padà, ọkọ̀ lè pọ̀ sí i ní Àpápá, ẹ̀rọ sì lè gba iṣẹ́ ọwọ́ rírin. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń kan kò ní yí padà. Kí ìyá fi í kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ó má ba rò pé ìyá òun kàn lọ́ra ni.